Ta Ni Yóò Dáhùn fún Afẹ́fẹ́ Inú Ilé Tí A Yá Gbé?

Nígbà tí ọmọ Yorùbá kan bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Port Harcourt láti wá iṣẹ́ tàbí láti ṣòwò, ìbéèrè tí yóò bi ẹni tí ń bá a wá ilé kò ju mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ. Èló ni owó ilé fún ọdún kan? Èló ni ti aṣojú onílé àti ti lọ́yà? Ǹjẹ́ omi ń yọ? Ǹjẹ́ àgbàrá máa ń wọ inú ọgbà bí òjò bá rọ̀? Wákàtí mélòó ni iná mànàmáná fi ń wà lójúmọ́? Ìbéèrè gidi ni gbogbo wọn, ẹni tí kò bá sì béèrè wọn yóò kábàámọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kan wà tí ayálégbé kì í bi onílé, tí onílé náà kì í sì í mẹ́nu bà: irú afẹ́fẹ́ wo ni a óò máa mí sínú nínú yàrá yìí nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn lóru?

Ní ìlú mìíràn, a lè pe irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ní àṣejù. Ní Port Harcourt kò rí bẹ́ẹ̀. Láti apá ìparí ọdún 2016 ni àwọn ará ìlú náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí lẹ́búlẹ́bú dúdú lórí ohun gbogbo: lórí aṣọ tí a sá sí ìta, lórí ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ nù, lára ewé igi, nínú ihò imú ọmọdé tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Èéfín epo ni. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti inú igbó àti etí odò níbi tí àwọn kan ti ń fọ epo rọ̀bì láìgba àṣẹ, èyí tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní kpo-fire. Òmíràn ń wá láti ibi tí àwọn agbófinró ti dáná sun epo tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn arúfin wọ̀nyí. A kò sì lè yọ gáàsì tí àwọn ilé iṣẹ́ epo ń sun kúrò nínú ọ̀rọ̀ náà, tàbí èéfín ọkọ̀ àti ti táyà tí a ń jó.

Ìjọba kò ṣàì gbọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2017, ìjọba ìpínlẹ̀ Rivers ti ilé iṣẹ́ kan tí ń po ọ̀dà títì pa nítorí èéfín rẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, àwọn ará ìlú tú jáde sí ìgboro láti fi ẹ̀hónú hàn. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2022, Gómìnà Nyesom Wike, tí ó wà lórí oyè nígbà náà, kéde nínú ọ̀rọ̀ ọdún tuntun rẹ̀ pé ìjọba òun yóò gbógun ti àwọn tí ń fọ epo láìgba àṣẹ, a sì wó ọ̀pọ̀ nínú ibùdó wọn. Gbogbo ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ojú ọ̀run àti etí odò ni gbogbo ìgbésẹ̀ wọ̀nyí dojú kọ. Kò sí èyí tí ó wọ inú yàrá tí ayálégbé ń sùn, bẹ́ẹ̀ sì ni inú yàrá ni ènìyàn ti ń lo ìdá mẹ́ta ọjọ́ ayé rẹ̀, ó kéré tán.

FÈRÈSÉ TÍ A TÌ

Ohun tí ọ̀pọ̀ ayálégbé ṣe nígbà tí lẹ́búlẹ́bú dúdú dé kò ṣòro láti lóye: wọ́n ti fèrèsé. Àwọn kan fi ọ̀rá bo fèrèsé onígíláàsì tí a tò léra wọn, nítorí irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ kì í pa dé tán. Àwọn mìíràn ká àkísà sí abẹ́ ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó yẹ kó dá wọn lẹ́bi. Lẹ́búlẹ́bú yìí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi lè kọjá nínú imú lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró, kí ó sì ti ibẹ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti fi hàn pé ó ń fa àrùn ọkàn, àrùn rọpá-rọsẹ̀ àti àrùn èémí.

Àmọ́ yàrá tí a tì pa láti lé èéfín ìta ti di ẹ̀wọ̀n fún èéfín inú. Ẹ jẹ́ kí a wo bí ilé tí púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń gbé ní Diobu tàbí ní Borokiri ti rí. Ọ̀nà tóóró kan gba àárín ilé kọjá, yàrá kojú sí yàrá ní ọ̀tún àti ní òsì. Fèrèsé kan ṣoṣo ni yàrá kọ̀ọ̀kan ní, ògiri ilé kejì ni fèrèsé náà sì dojú kọ, àlàfo àárín wọn kò sì ju èyí tí ènìyàn lè fi ẹ̀gbẹ́ gbà kọjá lọ. Bí iná bá lọ lálẹ́, ẹni tí ó ní jẹnẹrétọ̀ yóò ta á. Níbo ni yóò gbé e sí? Bí ó bá gbé e jìnnà, olè yóò gbé e lọ. Bí ó bá gbé e síta nígbà òjò, yóò bàjẹ́. Nítorí náà, yóò fi ẹ̀wọ̀n dè é mọ́ irin fèrèsé tirẹ̀, tàbí kí ó gbé e sí abẹ́ àkàsọ̀, tàbí sí ẹnu ọ̀nà tí gbogbo ilé ń gbà wọlé. Kékeré tí àwọn ènìyàn fi ẹ̀fẹ̀ pè ní "I better pass my neighbour" ni ó pọ̀ jù lọ, orúkọ náà sì bá a mu ju bí ẹni tí ó sọ ọ́ ti mọ̀ lọ, nítorí aládùúgbò ni ń mu èéfín rẹ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá kìlọ̀ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Nínú ọ̀ràn tiwa yìí, oorun ni hẹ̀rẹ̀huru náà ń kùn wá, oorun tí a kì í jí nínú rẹ̀.

Gáàsì tí ń ṣe iṣẹ́ yìí ni carbon monoxide. Níbikíbi tí epo, igi, èédú tàbí gáàsì ìdáná bá ti ń jó tí atẹ́gùn kò sì tó o, níbẹ̀ ni ó ti ń jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ojú bí èéfín igi. Èyí tí a ń gbóòórùn nínú èéfín jẹnẹrétọ̀ kọ́ ni èyí tí ń pani. Bí a bá mí i sínú, yóò dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ wa ju bí afẹ́fẹ́ tí ń gbé ẹ̀mí ró ṣe lè dì mọ́ ọn lọ, ní ìlọ́po tí ó ju 200 lọ. Ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣàn, ṣùgbọ́n kò ní rí ohun tí yóò gbé lọ fún ọpọlọ àti ọkàn. Orí yóò kọ́kọ́ máa fọ́ ni, òòyì yóò máa kọ́ni, èébì yóò máa gbéni, ara yóò sì rẹ̀ wá. Ìdí nìyí tí ó fi ń tàn wá jẹ, nítorí ibà ni gbogbo wa yóò kọ́kọ́ pè é, a ó sì lọ ra oògùn ibà. Ohun tí a fi lè dá a mọ̀ ni pé orí gbogbo àwọn tí ó wà nínú yàrá máa ń fọ́ ní àkókò kan náà, ara wọn a sì fúyẹ́ bí wọ́n bá jáde síta. Ibà kì í ṣe báyẹn. Ẹni tí ó bá ti sùn kò sì ní àǹfààní láti mọ ìyàtọ̀.

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, ní Yenagoa tí kò jìnnà sí Port Harcourt, a bá òkú àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n lé ní márùn-ún nínú yàrá tí a ti ń gba orin sílẹ̀. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀ sùn, èéfín rẹ̀ ni a sì fura sí. Irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà. Ó máa ń jẹ́ tọkọtaya, ó máa ń jẹ́ ìyá àti àwọn ọmọ, ó máa ń jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé tí wọ́n yá. Ọlọ́pàá yóò dé, wọn yóò gbé òkú lọ sí ilé ìgbókùúsí, wọn yóò sì kìlọ̀ fún gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n má tan jẹnẹrétọ̀ nínú ilé mọ́. Ìkìlọ̀ náà tọ̀nà. Ṣùgbọ́n èmi kò tí ì ka ìròyìn kan nínú èyí tí a ti béèrè lọ́wọ́ onílé pé: níbo ni o ní kí wọ́n gbé e sí?

ÒFIN TÍ A JOGÚN

Bí a kì í ti í béèrè ní ìdí kan tí ó ti pẹ́. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ilẹ̀ yìí, wọ́n gbé òfin ilé wọn wá bá wa. Ọjọ́ kìíní ọdún 1900 ni a fi ṣe ààlà: àwọn òfin ìwé tí ó kan tẹrú-tọmọ tí ó wà lágbára ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọjọ́ náà, pẹ̀lú àwọn ìdájọ́ tí ilé ẹjọ́ wọn ti ń dá bọ̀, ni ó di ìpìlẹ̀ òfin tiwa. Nínú àwọn ìdájọ́ wọ̀nyẹn, méjì kan ọ̀rọ̀ wa. Ní 1843, ọlọ́lá kan tí ń jẹ́ Sir Thomas Marrable yá ilé ní Brighton fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ilé tí onílé ti kó àga àti ibùsùn sí. Nígbà tí òun àti ìdílé rẹ̀ dé ibẹ̀, ìdun ti gba ibùsùn. Wọ́n kó jáde, onílé sì pè é lẹ́jọ́ fún owó tí ó kù. Ilé ẹjọ́ dá ayálégbé láre: ilé tí a bá kó ohun èlò sí fún ẹni tí yóò gbé e gbọ́dọ̀ ṣeé gbé láti ọjọ́ tí ó bá wọlé.

Ìdájọ́ rere ni, ṣùgbọ́n àwọn adájọ́ kò jẹ́ kí ó tàn dé ilé tí a kò kó ohun èlò sí. Ní 1863, nínú ẹjọ́ Robbins àti Jones, ilé ẹjọ́ là á mọ́lẹ̀ pé bí kò bá ti sí ẹ̀tàn níbẹ̀, kò sí òfin tí ó sọ pé kí ènìyàn má fi ilé tí ó ń wó lọ háyà. Kí ẹni tí ń wá ilé la ojú rẹ̀ sílẹ̀ dáadáa. Bẹ́ẹ̀ sì ni ilé òfìfo ni púpọ̀ nínú wa ń yá, àwa fúnra wa ni a ń kó ẹní àti bẹ́ẹ̀dì wọ ibẹ̀. Ojú ni ó sì ní kí a là, nígbà tí ohun tí ń pani kò ṣeé fi ojú rí.

Àwọn ìpínlẹ̀ ti ṣe òfin tiwọn láti ìgbà náà. Èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ni òfin ilé yíyá ti ìpínlẹ̀ Èkó, ọdún 2011. Ó ka fún onílé láti gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun léèwọ̀. Ó ní kí onílé fi ayálégbé sílẹ̀ kí ó gbádùn ilé rẹ̀ ní àlàáfíà. Ó sì ní kí onílé máa tún ẹ̀yìn ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò ṣe. Òfin Èkó kì í ṣiṣẹ́ ní Port Harcourt. Ìpínlẹ̀ Rivers ní òfin onílé àti ayálégbé tirẹ̀. Mo mú ti Èkó wá nítorí pé ó jẹ́ òfin tuntun, tí a ro jinlẹ̀ kí a tó kọ ọ́, síbẹ̀ kò sí gbólóhùn kan nínú rẹ̀ tí ó sọ pé afẹ́fẹ́ inú yàrá jẹ́ ara ohun tí onílé ń gba owó lé lórí. Àmọ́ ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ "ibi tí gbogbo ará ilé jọ ń lò" yẹn. Ọ̀nà àárín ilé, abẹ́ àkàsọ̀ àti ẹ̀yìnkùlé ni ó ń tọ́ka sí, níbẹ̀ gan-an ni jẹnẹrétọ̀ sì wà. Ní tèmi, ilẹ̀kùn tí lọ́yà tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè gbà wọlé nìyẹn.

GÁÀSÌ TÍ ONÍLÉ KÒ DÁ

Onílé ní àwíjàre tí ó lágbára, a kò sì gbọdọ̀ fojú fò ó. Yóò ní: "Èmi kọ́ ni mo ń fọ epo ní etí odò. Jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe tèmi, ayálégbé ni ó rà á, òun ni ó tàn án. Báwo ni n óò ṣe dáhùn fún ohun tí n kò dá?" Láti dáhùn ìbéèrè yìí, ó dára kí a wo bí àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ti ṣe pẹ̀lú gáàsì kan tí kò sí ẹni tí ó dá a rárá, àyàfi Ẹlẹ́dàá.

Radon ni orúkọ rẹ̀. Láti ara ohun àlùmọ́nì uranium tí ó wà nínú ilẹ̀ àti nínú àpáta ni ó ti ń jáde, pàápàá òkúta líle tí a ń fọ́ ṣe ilé. Òun náà kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ó bá jáde sí gbangba, afẹ́fẹ́ yóò fọ́n ọn ká, kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá gba inú ihò ilẹ̀ ilé wọ yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, yóò máa kóra jọ, ìtànṣán rẹ̀ yóò sì máa ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ láti ọdún dé ọdún. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé lẹ́yìn sìgá, òun ni ó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró jù lọ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Nínú ìwé tí àjọ náà gbé jáde ní 2009, ó ní kí ó má ju becquerel 100 lọ nínú àyè afẹ́fẹ́ tí ó gùn ní mítà kan, tí ó fẹ̀ ní mítà kan, tí ó sì ga ní mítà kan. Bí orílẹ̀-èdè kan kò bá sì lè dé ibẹ̀, kí ó má kọjá 300.

Ọ̀nà tí aráyé gbà mọ̀ pé ó lè pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ilé lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bí àlọ́. Ní oṣù kejìlá ọdún 1984, ní ìpínlẹ̀ Pennsylvania ní Amẹ́ríkà, ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ ìtànṣán ní ilé iṣẹ́ iná Limerick bẹ̀rẹ̀ sí í ké mọ́ onímọ̀ ẹ̀rọ kan tí ń jẹ́ Stanley Watras. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ náà kò tí ì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ a sì máa ké nígbà tí ọkùnrin yìí bá ń wọlé ní òwúrọ̀. Ilé rẹ̀ ni ó ti ń gbé ìtànṣán náà wá sí ibi iṣẹ́! Nígbà tí a wọn ilé náà, radon tí ó wà níbẹ̀ ju ìwọ̀n tí ìjọba Amẹ́ríkà ti ní kí onílé ṣe nǹkan sí i lọ ní ìlọ́po tí ó lé ní 600.

Láti ìgbà náà ni òfin ti ń yí padà. Ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, ó di dandan fún ẹni tí ó ń fi ilé háyà láti wọn radon inú rẹ̀, kí ó sì sọ àbájáde rẹ̀ fún ayálégbé. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àpáta agbègbè Cornwall àti Devon ti ń tú gáàsì yìí jáde, òfin ilé gbígbé ti ọdún 2004 ka ìtànṣán mọ́ àwọn ewu 29 tí ìjọba ìbílẹ̀ lè torí wọn pàṣẹ fún onílé kí ó tún ilé ṣe. Carbon monoxide wà nínú àwọn ewu 29 náà. Òfin mìíràn ní kí onílé mú onímọ̀ wá yẹ ohun èlò tí ń lo gáàsì wò lọ́dọọdún. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 2022, ó di dandan kí onílé fi ẹ̀rọ tí ń ké bí carbon monoxide bá pọ̀ sí yàrá tí ohun ìdáná tí a kàn mọ́lé bá wà, àyàfi ààrò gáàsì tí a fi ń se oúnjẹ. Òfin tí a ṣe ní 2018 sì fún ayálégbé ní agbára láti gbé onílé lọ sí ilé ẹjọ́ bí ilé kò bá ṣeé gbé. Àwọn ènìyàn wa tí wọ́n ń gbé ní Peckham ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Ẹni tí ó fi òfin 1863 lé wa lọ́wọ́ ti kọ tirẹ̀ sílẹ̀, àwa ni a ṣì dì í mú.

Níbẹ̀ ni ìdáhùn sí àwíjàre onílé wà. Kò sí onílé kan ní Cornwall tí ó dá radon. Abẹ́ ilẹ̀ ni ó ti wá. Síbẹ̀ òfin ní kí ó dáhùn, kì í ṣe nítorí pé òun ni ó fà á, bí kò ṣe pé òun nìkan ni ó ní agbára láti lu ògiri, láti ṣí ihò afẹ́fẹ́, láti tún ilẹ̀ ilé ṣe. Ayálégbé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ògiri láìgba ìwé àṣẹ; inú àdéhùn ni onílé ti kọ ọ́. Ẹni tí ó bá gba agbára lórí ògiri kò lè ní òun kò mọ̀ nípa afẹ́fẹ́ tí ògiri náà sé mọ́.

Kí a má baà dẹ́rù ba ara wa lásán, ilẹ̀ Port Harcourt jẹ́ iyanrìn àti amọ̀ tí odò kó wá, kì í ṣe ilẹ̀ àpáta. Radon kọ́ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ gba oorun lójú ayálégbé níbẹ̀. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ni ẹ ń kọ́ ilé sí ìlú yín, tí ẹ sì ń fi í háyà. Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ẹ̀yin ará Ìdànrè, ẹ̀yin ará Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, orí òkúta ni ilé yín dúró lé, òkúta náà ni ẹ sì fọ́ láti fi ṣe ìpìlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn ènìyàn wa tí wọ́n wà ní Jos. Kò sí òfin tí ó ní kí onílé ní Nàìjíríà wọn radon; àjọ ìjọba àpapọ̀ tí a ń pè ní NNRA, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2001, ni ó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán. Ilé àtijọ́ wa tí fèrèsé rẹ̀ ń ṣí gbayawu kò fi bẹ́ẹ̀ fún radon láàyè láti kóra jọ. Ìgbà tí a bá fi fèrèsé tí a ń tì sí ẹ̀gbẹ́, tí ìdajì rẹ̀ kì í ṣí láéláé, rọ́pò rẹ̀, tí a tún gbé ẹ̀rọ amúlétutù sí i, ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. A ní ọ̀làjú ni.

ÈWO NI KÍ A ṢE?

Ìjọba ni ó jẹ gbèsè tí ó tóbi jù. Bí iná mànàmáná bá ń wà, ta ni yóò fẹ́ máa fi owó epo ṣòfò láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ kúrò ní oṣù karùn-ún ọdún 2023? Ní oṣù kẹta ọdún 2020, a gbé àbá òfin kan wá sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà ní Abuja pé kí a ka jẹnẹrétọ̀ léèwọ̀. Àbá náà kò di òfin, ó sì dára bẹ́ẹ̀, nítorí ẹni tí ó gba àtùpà lọ́wọ́ ènìyàn láìfún un ní iná kò ràn án lọ́wọ́. Ohun tí ó yẹ kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ Rivers ṣe kéré sí ìyẹn púpọ̀: kí wọ́n fi ìpínrọ̀ kan kún òfin onílé àti ayálégbé, pé ilé tí a bá fi háyà gbọ́dọ̀ ní ihò afẹ́fẹ́ tí ó tó, àti ibi kan tí a yà sọ́tọ̀ fún jẹnẹrétọ̀ níbi tí èéfín kò ti ní padà wọlé.

Ilé ẹjọ́ wa pàápàá kò ṣàì mọ ohun tí afẹ́fẹ́ jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2005, nínú ẹjọ́ tí Jonah Gbemre pè fún ará Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta, ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin dájọ́ pé sísun gáàsì sí afẹ́fẹ́ tí àwọn ènìyàn ń mí lòdì sí ẹ̀tọ́ wọn láti wà láàyè. Ilé iṣẹ́ epo ni ẹjọ́ yẹn dojú kọ, kì í ṣe onílé. Síbẹ̀, ìlànà tí ó fi lélẹ̀ yẹ ní ríronú lé lórí fún àwọn lọ́yà wa.

Kí òfin tó dé, iṣẹ́ wà fún onílé àti ayálégbé. Àwọn onímọ̀ ní kí jẹnẹrétọ̀ jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu èéfín rẹ̀ sì kọ ẹ̀yìn sí ilé. Èyí rọrùn láti sọ ní GRA. Ní Diobu, ọ̀pọ̀ ọgbà ni kò fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 20 láti ògiri dé ògiri, kò sì sí ẹnikẹ́ni tí yóò fi ìkìlọ̀ lásán mú un fẹ̀ sí i. Níbẹ̀, ọ̀nà kan tí ó mọ́gbọ́n dání ni kí onílé kọ́ àgọ́ kékeré kan tí ó ní irin àti àgádágodo sí ibi tí ó jìnnà sí yàrá jù lọ, kí a gbé jẹnẹrétọ̀ kan ṣoṣo tí ó lágbára sí i, kí a fa ọ̀pá èéfín rẹ̀ ga kọjá òrùlé gbogbo ilé tó wà nítòsí, kí a sì fa wáyà lọ sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ará ilé máa dá owó epo rẹ̀. Èéfín mẹ́wàá yóò di ẹyọ kan, ariwo mẹ́wàá yóò di ẹyọ kan, olè kò sì ní rí nǹkan gbé. Onílé nìkan ni ó lè ṣètò èyí, nítorí òun ni ó ni ilẹ̀. Ẹni tí agbára rẹ̀ bá gbé e lè lo bátìrì àti iná oòrùn, tí kì í rú èéfín rárá.

Ayálégbé náà gbọ́dọ̀ ṣe tirẹ̀. Kí ó má ṣe tan jẹnẹrétọ̀ sùn, kí ó má sì gbé ìkòkò èédú wọ yàrá nígbà òtútù òjò. Kí ó ṣí fèrèsé tí ó kọ ẹ̀yìn sí ibi tí èéfín ti ń wá. Bí lẹ́búlẹ́bú dúdú bá ń dà á láàmú, aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tí a fi omi rin díẹ̀ lójú fèrèsé sàn ju ọ̀rá lọ, nítorí afẹ́fẹ́ ṣì lè gbà á kọjá. Ẹ̀rọ kékeré tí ń ké bí carbon monoxide bá pọ̀ kò tóbi ju àwo ọbẹ̀ lọ, bátìrì ni ó sì ń lò. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní òkè òkun, tí ẹ máa ń ní kí wọ́n fi bàtà àti fóònù ránṣẹ́, ẹ lè ní kí wọ́n fi ọ̀kan sí i.

Àwọn ẹgbẹ́ ọmọ Yorùbá tí ó wà ní Port Harcourt ní lọ́yà láàárín wọn. Kí wọ́n bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ gbólóhùn kan tí gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ gba ilé tuntun, tàbí tí ó fẹ́ san owó ọdún mìíràn, yóò ní kí onílé fi sínú ìwé àdéhùn kí ó tó ka owó sílẹ̀. Kò yẹ kí ó gùn. Ó lè kà báyìí: "Onílé gbà láti pèsè ibi tí a lè ti tan jẹnẹrétọ̀ láìjẹ́ pé èéfín rẹ̀ wọ yàrá ẹnikẹ́ni, kí ó sì máa tún fèrèsé àti ihò afẹ́fẹ́ yàrá ṣe kí wọ́n lè máa ṣí, ayálégbé gbà pé òun kò ní tan jẹnẹrétọ̀ níbòmíràn nínú ọgbà." Onílé tí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i yóò sọ ìdí rẹ̀ fún wa.